Ère Òṣómàáló fún Iléṣà: kí la lè rí mú lára iṣẹ́ Mari Andriessen?

Ọmọ Obòkun

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ amọ̀ àti idẹ. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹgbẹ́ kan ní Iléṣà fẹ́ gbé ère Òṣómàáló sí oríta kan tí kò jìnnà sí ọjà Àtakúnmọ̀sà. Kì í ṣe ère ọba, kì í ṣe ère olóṣèlú. Oníṣòwò aṣọ ni, èyí tó ń ru ẹrù láti abúlé dé abúlé, tó ń tà láwìn, tó sì máa ń wí fún onígbèsè lójú kojú pé "òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi". Ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Apá kan ní kí ère náà dúró ṣánṣán lórí òpó gíga, kó na ọwọ́ sókè kí gbogbo ayé rí i. Apá kejì ní bí kò bá lóṣòó, a ò lè pè é ní Òṣómàáló.

Àpẹẹrẹ tí apá kejì mú wá ni De Dokwerker, ère òṣìṣẹ́ èbúté tí Mari Andriessen, ará Netherlands, ṣe fún ìlú Amsterdam. Wọ́n ní ẹni tí kò lórúkọ, tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, lè jẹ́ ère ìrántí gidi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọkùnrin yìí, kí ló sì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó fi ń dá ènìyàn dúró? Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọwọ́ gan-an: báwo la ṣe máa ti orí ère kékeré ti sẹ̀ńtímítà 20 dé orí ńlá? Báwo la ṣe máa ṣe é tí ère tó lóṣòó kò fi ní ya lulẹ̀ nígbà tó bá ṣì jẹ́ amọ̀? Ṣé idẹ ni ká lò, àbí sìmẹ́ǹtì? Owó tó wà nílẹ̀ kò tíì tó idẹ, ṣùgbọ́n a lè dúró.

Amọ̀ Ifẹ̀

Ẹ kú ìrònú o. Mo wà pẹ̀lú àwọn tó ní kó lóṣòó. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ Andriessen lọ kí n tó sọ ìdí.

Haarlem, ìlú kan ní Netherlands, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1897, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1979. Ilé olórin ni ilé wọn. Willem àti Hendrik, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, di olórin ńlá nílẹ̀ wọn. Òun kọ́ṣẹ́ ère ní Haarlem, ó tún kọ́ ọ lọ́dọ̀ Jan Bronner ní Rijksakademie, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam, ó sì dé Munich ní Jámánì. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ogun ló yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí Jámánì gba Netherlands, ìjọba wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kultuurkamer. Oníṣẹ́ ọnà tí kò bá wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Andriessen kọ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó fi àwọn tí ìjọba náà ń dọdẹ pamọ́ sílé, àwọn ajàjàgbara sì ń kó ohun ìjà pamọ́ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun parí tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń wá ẹni tí yóò ṣe ère ìrántí fún un, ọwọ́ tiẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo àwọn tó ṣe. Ní Haarlem, 1949, ọkùnrin kan ṣoṣo tó dúró de ọta ìbọn. Ní Putten, ọdún kan náà, obìnrin kan tí a fi òkúta gbẹ́, ó wọ aṣọ àdúgbò náà, ó mú áńkáṣíìfù dání, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Jámánì ti kó àwọn ọkùnrin abúlé náà lọ ní oṣù Kẹwàá 1944. Èyí tó lé ní 500 nínú wọn kò padà wálé. Ní Enschede, 1953, ère mélòó kan tí olúkúlùkù dá dúró sínú ọgbà. Ní 1954, Cornelis Lely, ẹnjiníà tó gbèrò bí wọ́n ṣe máa dí ẹnu òkun Zuiderzee, lórí ìdídò Afsluitdijk fúnra rẹ̀. Ní 1977, Anne Frank, ọmọdébìnrin Júù kékeré lórí ìpìlẹ̀ kékeré, nítòsí ilé tó sá pamọ́ sí nígbà ogun náà. Kò sí èyí tó gun ẹṣin nínú wọn, kò sí èyí tó na idà sókè.

De Dokwerker ni ọbabìnrin Juliana ṣí ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 1952. Ní ọjọ́ 22 àti 23 oṣù Kejì 1941, àwọn Jámánì kó àwọn ọkùnrin Júù tó lé ní 400 ní Amsterdam, gbàgede Jonas Daniël Meijerplein sì wà lára ibi tí wọ́n ti kó wọn jọ. Ní ọjọ́ 25, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn. Ìrántí ìdáṣẹ́sílẹ̀ yẹn ni ère náà, gbàgede yẹn gan-an ló sì dúró sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń yan oríta: ibi tí ère wà jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Wàyí o, ìdúró rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ya, ara sì wúwo lórí méjèèjì bákan náà. Ikùn yọ síwájú. Orí gbé sókè díẹ̀. Apá méjèèjì kò lẹ̀ mọ́ ìhà. Àlàfo wà láàárín, ojú ọ̀run sì ń hàn gba ibẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ṣí sílẹ̀, òfìfo. Àlàfo yẹn ni ẹni tó wà ní ọgbọ̀n mítà kọ́kọ́ ń rí, kó tó rí imú tàbí ẹnu. Bí ẹ bá fi apá lẹ̀ mọ́ ara, ère yóò dà bí àpò ìrẹsì láti òkèèrè, ojú tó rẹwà kò lè gbà á sílẹ̀.

Ẹni tó dúró fún un kì í tilẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ èbúté. Willem Termetz ni, káfíńtà ará Haarlem. Ara tó mọ ẹrù gbé ni Andriessen ń wá. Ẹ̀yin náà, ẹ má wá ẹni tó jọ òṣómàáló kan pàtó nínú fọ́tò àtijọ́. Ẹ wá àgbà kan tó lè lóṣòó fún ogún ìṣẹ́jú láì fara ti nǹkan kan, kí ẹ sì wo ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi lé. Ẹni tó ń sinmi máa ń tẹ orí ba. Ẹni tó wá gbowó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á wà lórí orúnkún, ọwọ́ á ṣí sílẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ á sì wà lára ilẹ̀kùn onígbèsè. Ìyẹn gan-an ni ère yín.

Rọ́ọ̀dù Méjìlá

Amọ̀ Ifẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ara. Ẹ jẹ́ kí n mú egungun.

Ìwọ̀n ṣáájú. Ère ìta gbangba tó bá jẹ́ ìwọ̀n ènìyàn gẹ́lẹ́ máa ń kéré lójú, nítorí ojú ọ̀run àti ilé ló yí i ká. Ìlọ́po kan ààbọ̀ ló tọ́ fún oríta tó ní ọkọ̀. Ẹni tó ga ní mítà 1.70, bó bá lóṣòó, ó máa ń kù bíi mítà kan. Ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀ á jẹ́ mítà 1.50. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìlọ́po méjì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Ìlọ́po kan ààbọ̀ sọ ara di ìlọ́po 3.4 ní ìwúwo. Ìlọ́po méjì sọ ọ́ di ìlọ́po 8. Ibẹ̀ ni owó ti máa ń tán láàárín iṣẹ́.

Ara ènìyàn kílò 75 gba bíi lítà 75. Ní ìlọ́po kan ààbọ̀, ó di lítà 253. Amọ̀ tútù máa ń wọn kílò 1.9 ní lítà kan, nítorí náà kílò 480 ni, aṣọ àti ẹrù kò tíì sí níbẹ̀. Tábìlì tí ẹ óò mọ ọ́n lé gbọ́dọ̀ lè gba kílò 800 láì mì. Ẹ fi fóòmù líle tàbí àpótí pákó kún inú àyà àti itan, amọ̀ yóò dín sí ìdajì, á sì jẹ́ sẹ̀ńtímítà 6 sí 8 ní ìbòrí.

Ère kékeré yín ti sẹ̀ńtímítà 20 kéré jù láti wọn nǹkan lára. Ẹ tún un ṣe ní ìwọ̀n kan nínú márùn-ún ère ńlá, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 30 ní òṣó, kí ẹ sì parí rẹ̀ pátápátá: ọrùn ọwọ́, ìgbátí aṣọ, gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe mìlímítà 2 lára rẹ̀ yóò di sẹ̀ńtímítà kan. Ẹ fi ìṣó kéékèèké sàmì sí ojú ibi ogójì lára rẹ̀: orí orúnkún, gìgísẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́, àgbọ̀n, àtàrí. Láti ojú mẹ́ta tí kò ní yẹ̀ lórí pátákó ni kí ẹ ti wọn àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po márùn-ún. Ibi tí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé lórí ère ńlá, ibẹ̀ ni kí ẹ kan igi tín-ínrín sí. Amọ̀ á bò ó dé orí rẹ̀, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀.

Egungun: páìpù onísíńkì ínǹṣì 2 ni ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ dì í mọ́ pátákó pẹ̀lú bóòtù mẹ́rin. Fún ẹni tó dúró, ọ̀pá yìí máa ń wọlé láti ẹ̀yìn ìbàdí. Fún ẹni tó lóṣòó, ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá gìgísẹ̀ sẹ́yìn, ìdí nìyí tó fi máa ń dà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà gòkè tààrà láti ilẹ̀ lábẹ́ ìdí, kó wọ ìdí àpò ikùn, kó dé ọrùn. Rọ́ọ̀dù mìlímítà 12 fún ẹsẹ̀ àti apá, 8 fún ìka. Lẹ́yìn náà ẹ fi wáyà so igi kéékèèké tí ẹ dè ní àgbélébùú kọ́ sára rọ́ọ̀dù, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi sẹ̀ńtímítà 7, kí wọ́n máa fì. Àwọn ni yóò di amọ̀ mú lábẹ́ itan, lábẹ́ àgbọ̀n, lábẹ́ apá. Ibi tí amọ̀ ti ń já sílẹ̀ lóru, wọ́n gbàgbé àgbélébùú síbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan sí i: ẹ gbé ìdì aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, kó kan ìbàdí rẹ̀. Òṣómàáló kì í rìn láìní ìdì aṣọ, ìdì náà sì di ẹsẹ̀ kẹta fún ère. Ohun tó ń gbé e dúró á wà níbẹ̀ láìsí irin tí ẹnikẹ́ni máa rí.

Nígbà ọyẹ́, aṣọ tútù àti náílọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Amọ̀ tó bá gbẹ lójú, tó tutù nínú, á sán láti èjìká.

Ọmọ Obòkun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Ti ìdì aṣọ yẹn yanjú ìjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, láti amọ̀ dé idẹ ńkọ́? Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní a lè kó ẹ̀rọ omi àtijọ́ àti rédíétọ̀ jọ ká yọ́ wọn, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa nÍfẹ̀ ṣe. Ṣé òótọ́ ni?

Asúdẹ Ìlódè

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọmọ Obòkun. Ẹ má yọ́ ohun tí ẹ kò mọ.

Ẹ̀rọ omi jẹ́ bàbà àti síńkì, òjé sì máa ń wà níbẹ̀. Rédíétọ̀ àtijọ́ jẹ́ bàbà, ṣùgbọ́n òjé àti tánńganran ni wọ́n fi jó o pọ̀. Àwọn tuntun jẹ́ alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù ló burú jù. Díẹ̀ rẹ̀ tó bá wọ inú ìkòkò ìyọ́dẹ, ńṣe ni ojú idẹ á bo ara rẹ̀ bí ìpẹ́ wàrà, kò ní ṣàn wọ ibi tó tín-ínrín, àwọn ìka ọwọ́ ère ò sì ní jáde. Síńkì ní tiẹ̀ máa ń hó ní 907 °C, bẹ́ẹ̀ idẹ nílò tó 1,100 kó tó ṣàn dáadáa. Èéfín funfun tó ń jáde nígbà náà máa ń fún ènìyàn ní ibà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òjé kì í fúnni níbà, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: inú egungun ló ń lọ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti yọ́ ọ, kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn yín.

Ọ̀kan lára èyí tí àwọn ilé ìdàdẹ ń lò fún ère ni bàbà 85, tánńganran 5, òjé 5, síńkì 5 nínú 100. Ẹ ra á ní ìṣù tí a ti lú pọ̀.

Ti àwọn baba wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nÍfẹ̀ ní 1938, bàbà tó ní síńkì tàbí òjé nínú ni púpọ̀ nínú wọn. Ìbòjú tí a ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Kìkì bàbà ló nira jù lọ láti dà: ó ń mu afẹ́fẹ́, ó ń lọ́ra, ó sì ń kún fún ihò. Ara ìbòjú náà mọ́, ó sì dán. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ dé orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò jọ ẹni tó kàn ń ṣa àlòkù bí ẹni ń ṣa igi ìdáná.

Ìwọ̀n idẹ yín: ara ènìyàn pẹ̀lú aṣọ gba bíi mítà onígun-mẹ́rin 2.5 ní ojú. Ìlọ́po kan ààbọ̀ sọ ọ́ di 5.6. Bí ògiri idẹ bá jẹ́ mìlímítà 5, tí lítà kan idẹ sì wọn kílò 8.8, kílò 246 nìyẹn. Ẹ fi ìdì aṣọ kún un, ẹ fi ohun tó ń kù sínú àwọn ojú ọ̀nà idẹ kún un, kílò 350 ni kí ẹ fi lọ́kàn. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gé e sí ìpín mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, kí ojú ìgé wà níbi tí aṣọ ti ṣẹ́ po, kí èyí tó wúwo jù má kọjá kílò 40. Wẹ́dà tó ní gáàsì argon ni yóò jó wọn pọ̀, ọ̀pá idẹ kan náà ni kó lò. Bó bá lo èyí tó yàtọ̀, ojú ìjó á yọ ìlà lára ère lẹ́yìn òjò méjì.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi POP bo ère amọ̀, kó di móòdù. Kílò 3 POP sí lítà 2 omi. Ìpele àkọ́kọ́, mìlímítà 5 péré, kí ẹ pò ó mọ́ búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ. Ìpele kejì funfun, sẹ̀ńtímítà 2 sí 3, pẹ̀lú okùn ọ̀gbọ̀ àti rọ́ọ̀dù kéékèèké nínú. Nígbà tí ẹ bá ń fi ṣísù já móòdù náà kúrò lára ère POP tó wà nínú rẹ̀, búlúù ni yóò sọ fún yín pé awọ ti sún mọ́. Ọ̀pọ̀ ló gbójú fò ó, tí ṣísù sì mú imú ère lọ. Ọṣẹ ni ẹ óò fi pa inú móòdù kí ẹ tó da POP kejì sí i, ẹ nù ún dáadáa. Ọṣẹ tó bá dì sí ihò ojú á pa ìpéǹpéjú rẹ́. POP tó ti gba ọ̀rinrin nínú ṣọ́ọ̀bù kì í le dáadáa, nítorí náà ẹ dán ife kan wò: bí kò bá le láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ dá a padà.

Ẹni tó lóṣòó ní kọ̀rọ̀ púpọ̀: láàárín itan àti àmù ẹsẹ̀, abẹ́ ikùn, ẹ̀yìn orúnkún. Móòdù alápá méjì kò ní jáde níbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kí aṣọ ìró rẹ̀ ta bo àárín itan, kó dí kọ̀rọ̀ yẹn.

Láti POP, ẹ fi ìda ṣe é ní mìlímítà 5: ìda yìí ni yóò yọ́ kúrò kí idẹ lè gba àyè rẹ̀. Amọ̀ inú tó kún inú ìda, àti amọ̀ ìta tó bò ó: POP kan, bíríkì lílọ̀ méjì. Ìṣó irin gbọ́dọ̀ gún ìda kọjá láti amọ̀ ìta dé ti inú, bí ọ̀kan ní gbogbo sẹ̀ńtímítà 15, nítorí bí ìda bá yọ́ kúrò tí kò sí ohun tó di amọ̀ inú mú, ó máa yẹ̀, ògiri kan á nípọn, ìkejì á lu. Ẹ fín in nínú ààrò dé 600 sí 700 °C, kí iná máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí omi bá ṣẹ́kù nínú amọ̀ tí idẹ gbígbóná bá kàn án, ó ń bú gbàù, idẹ á sì fọ́n sí ara àwọn tó yí i ká. Orí èyí ni mi ò ti ń bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà. Tí ẹ bá mú dígí tútù sẹ́nu ihò afẹ́fẹ́ tó sì gba ìrì, iná kò tíì tó.

Bíríkìlà Ọ̀ṣọ́

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n Ọmọ Obòkun ti ní owó kò tíì tó. Mo fara mọ́ sìmẹ́ǹtì, bí ẹ bá lè ṣe é bí iṣẹ́ ère, kì í ṣe bí iṣẹ́ ògiri.

Ohun tó ń ba ère sìmẹ́ǹtì jẹ́ ní ìlú wa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: rọ́ọ̀dù sún mọ́ ìta jù. Òjò wọlé, irin dípẹtà, ìpẹtà náà wú, ó sì ti sìmẹ́ǹtì jáde. Ìka ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ, nítorí níbẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ti tín-ínrín jù. Sẹ̀ńtímítà 2.5 ni kí sìmẹ́ǹtì bo rọ́ọ̀dù níbi gbogbo. Fún ìka, ẹ lo rọ́ọ̀dù irin tí kì í dípẹtà, mìlímítà 6, kò pọ̀ tí yóò fi gbówó lórí.

Iyanrìn odò tó mọ́, tó rí ṣákaṣàka, tí a ti jọ̀. Pupa ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó bá wà nínú rẹ̀ á sọ sìmẹ́ǹtì di rírọ̀: ẹ bu ú sínú ìgò omi, ẹ gbọ̀n ọ́n, bí ẹrẹ̀ tó sùn lé e lórí lẹ́yìn wákàtí kan bá nípọn ju ìka kékeré lọ, ẹ fọ̀ ọ́. Ara inú, sìmẹ́ǹtì 1 sí iyanrìn 3. Awọ, 1 sí 2. Àpò kílò 50 kò gbọdọ̀ gbà ju lítà 23 omi lọ. Omi tó pọ̀ ló ń mú kó rọrùn láti tẹ̀, òun náà ló ń là á.

Nẹ́ẹ̀tì adìẹ ìpele méjì lórí rọ́ọ̀dù, kí ẹ fi wáyà dì í lójú gbogbo. Ẹ tẹ sìmẹ́ǹtì wọnú rẹ̀, kì í ṣe lé e lórí. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá sẹ̀ńtímítà 2 lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá nípọn jù á yọ̀ sílẹ̀ láti abẹ́ itan, níbi òṣó gan-an. Ẹ ha ojú ìpele kí ó tó le, kí èyí tó ń bọ̀ lè rí ibi dì mú. Lẹ́yìn èyí, àpò ọ̀gbọ̀ tútù fún ọjọ́ 7, ọjọ́ 14 bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Ẹ má kùn ún títí oṣù kan á fi pé.

Amọ̀ Ifẹ̀

Bíríkìlà, gbogbo ohun tí ẹ wí pé. Kìkì pé sìmẹ́ǹtì kò lè di etí tín-ínrín mú: ìgbátí aṣọ, ìpéǹpéjú. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lò ó, ẹ mọ ère náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo etí nípọn kí ó sì yípo. Tàbí kí ẹ dá móòdù POP pa mọ́ síbi gbígbẹ, ní ìpín tó ṣeé tún dì pọ̀, kí ẹ da sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀ báyìí, kí ẹ sì fi í ṣe idẹ nígbà tí owó bá wọlé. Fún ìyẹn, móòdù tí a ń fi ṣísù já kò wúlò. Alápá púpọ̀ ni kí ẹ ṣe, ó sì máa gba bíi ìlọ́po mẹ́ta àkókò.

Ọmọ Obòkun

Èyí ni ìgbìmọ̀ máa gbé yẹ̀ wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ku ìpìlẹ̀ àti àwọ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé ká fi ọ̀dà góòlù kùn ún.

Ìyá Olójú Ọ̀nà

Ọmọ mi, ẹ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má fi ọ̀dà góòlù kan idẹ. Omi máa ń wọ abẹ́ rẹ̀, a sì máa bó ní ìpẹ́ ìpẹ́, idẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì di àwọ̀ ewé ní àbùlà. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi iná gbóná ara idẹ, kó fi oògùn bàbà àti ti irin fún un ní àwọ̀ ilẹ̀, kó wá fi ìda pa á nígbà tó ṣì gbóná.

Ìpìlẹ̀: ẹ má gbé Òṣómàáló gun òpó. Sẹ̀ńtímítà 60 tó. Pẹ̀lú ère mítà 1.50, ojú rẹ̀ á wà ní bíi mítà 1.90, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ á wò ó sókè díẹ̀, òun á sì wo ẹni náà lójú. Bí ẹ bá gbé e sí mítà 3, abẹ́ itan rẹ̀ ni gbogbo ìlú máa rí, ẹ̀tẹ́ nìyẹn fún ẹni tó lóṣòó. Kò sì ní pẹ́ tí àwọn ọmọdé á máa jókòó lórí orúnkún rẹ̀. Kò burú. Ẹ ṣírò rẹ̀ pé àgbà méjì lè jókòó lórí orúnkún kan, kílò 160, kí irin inú ẹsẹ̀ lè gbà á.

Ihò ìpìlẹ̀, mítà 1.80 níbùú lóròó, sẹ̀ńtímítà 80 jínjìn, tàbí títí ẹ óò fi kan ilẹ̀ líle tí ṣọ́bìrì kò lè wọ̀. Kọnkéré 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ǹtì, iyanrìn àti òkúta. Bóòtù mẹ́rin, M20 (mìlímítà 20 ní ìbú), irin tí kì í dípẹtà, kó wọnú kọnkéré sẹ̀ńtímítà 30. Ẹ má lo bóòtù lásán nínú ère idẹ: bí omi òjò bá ti wà láàárín idẹ àti irin, irin ló máa jẹ ara rẹ̀ tán. Egungun inú ère náà, bákan náà. Ẹ ri àwọn òpó kúkúrú yí i ká ní mítà 1.5 sí ojú títì, nítorí bírèkì ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fọkàn tán.

Ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé lára ẹni tó lóṣòó ni itan. Bí aṣọ bá ta láàárín orúnkún méjèèjì, ó ti di abọ́ nìyẹn. Omi òjò máa dúró níbẹ̀, ewé á jẹrà nínú rẹ̀, ẹ̀fọn á yé sí i, ìlà funfun á sì máa ṣàn sílẹ̀ níwájú ère. Nígbà tó bá ṣì wà ní amọ̀, ẹ da ife omi kan sí itan rẹ̀, ẹ wo ibi tó gbà lọ. Bó bá dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú títí yóò fi ṣàn, kí ẹ sì lu ihò mìlímítà 12 síbi tó rẹlẹ̀ jù, kó bá ihò mìíràn ní abẹ́ ẹsẹ̀ pàdé, kí omi inú náà lè jáde.

Ìtọ́jú: omi àti ọṣẹ tí kò le, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́ àti lẹ́yìn òjò. Ìda tuntun lẹ́yìn ti ọyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò idẹ. Àwọ̀ á lọ lọ́jọ́ kan. Kí ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ mú ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan dání, kó sì fi gún ihò itan yẹn títí omi yóò fi jáde ní abẹ́ ẹsẹ̀.